Ẹni tí ẹ máa bá sùn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yàn: bí ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ṣe lè gba yàrá nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ orí òkun

Lóru ọjọ́ kejì tí a wọ ọkọ̀ ní Marseille nílẹ̀ Faransé, mo jáde láti wá omi mu. Ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn ni mo ti bá Ìyá Ìbejì, ó ká jọ sórí àga, ó fi gèlè bo ojú, ó ń sùn. Mo jí i. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, ìhanrun Àlàájà ò jẹ́ kí n rí oorun kùn. Fi mí sílẹ̀ níbí." Obìnrin tó fi ọdún kan àbọ̀ dá àjọ kó tó lè rin ìrìn àjò yẹn, orí àga ló sùn mọ́jú.

Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mò ń gba owó àjọ wa ní Àjàṣẹ́, èmi ni mo lọ bá àwọn tó ń ta ìrìn àjò sọ̀rọ̀ ní Cotonou, èmi náà ni mo ní ká gba èyí tó wọ́n kéré jù. Méje ni wá. A kó ẹni mẹ́ta sínú yàrá kan, a kó mẹ́rin sínú èkejì, kò sí fèrèsé nínú méjèèjì. Látìgbà náà, mo ti bá wọn ṣètò irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún àwa fúnra wa, ọ̀kan fún àbúrò mi àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Kétu, kò sì sí ẹni tó tún sùn síbi àtẹ̀gùn. Ọ̀nà tí mo gbà ṣe é nìyí.

Ìgbésẹ̀ 1: Ọ̀rọ̀ oorun ṣáájú ọ̀rọ̀ owó

Ẹ má tíì béèrè iye. Ẹ pe ara yín jọ lọ́jọ́ Àìkú kan, kí ẹnì kan se nǹkan jíjẹ, kẹ́ ẹ wá bi ara yín láwọn ohun tó máa ń ti àgbàlagbà lójú láti sọ. Ta ló ń hanrun? Ta ló ń dìde lẹ́ẹ̀mejì lóru lọ tọ̀? Ta ló ń jí kírun àsùbá, ta ló sì jẹ́ pé aago mẹ́ta òru ló máa ń ti ibi ijó wọlé? Ta ni orúnkún ń dùn tí kò lè gun àkàbà? Ta ni àyà rẹ̀ máa ń há tó bá wà níbi tí kò ní fèrèsé? Ta ni kò lè sùn láìsí ẹ̀rọ amúlétutù, ta sì ni ikọ́ máa ń gbé ṣánlẹ̀ tí ẹ̀rọ náà bá ti fẹ́ sí i? Ti amúlétutù yìí ló dá ìjà sílẹ̀ jù láàárín wa, torí bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ń darí òtútù nínú yàrá kan, bí ẹ tiẹ̀ pọ̀ tó mẹ́rin níbẹ̀.

Ní ti ìhanrun, ẹ má gba ẹni náà gbọ́. Ẹni tó ń hanrun kì í gbọ́ tiẹ̀. Àlàájà wa búra níwájú gbogbo èèyàn pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ òun. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni mo yọ́ lọ bi, ọmọ yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ bi ọkọ, ẹ bi ọmọ, ẹ bi ẹni tí wọ́n jọ wà nínú àgọ́ ní Míná nígbà Hájì.

Nígbà tí ẹ bá ti kọ ìdáhùn wọn sínú ìwé, ẹ wá fi ajíkùtù sọ́dọ̀ ajíkùtù, kẹ́ ẹ fi àwọn tó ń hanrun sọ́dọ̀ ara wọn tàbí sọ́dọ̀ ẹni tí oorun rẹ̀ wúwo bí òkúta. Ẹ má jẹ́ kí ìfẹ́ tàn yín o. Ọ̀rẹ́ tí ẹ ti jọ ń jẹ nínú àwo kan láti kékeré lè jẹ́ ẹni tí ẹ kò gbọ́dọ̀ bá wọ yàrá tí kò ju mítà márùn-ún ní mẹ́ta lọ. Èmi àti Tísà ti ń bá a bọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó máa ń kàwé títí di aago kan òru, iná kò sì gbọ́dọ̀ kú. A kì í sùn sí yàrá kan náà mọ́. Àárọ̀ la máa ń pàdé nídìí tíì, ara èmi àti òun á sì yá gágá.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rò mọ́ ọ̀rọ̀ yàrá: ọtí. Àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí máa ń ta ohun mímu lódindi. Ẹ ó san iye kan fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì máa mu bó ṣe wù yín. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí àgbàlagbà kan bá ti ra èyí tí ọtí wà nínú rẹ̀, dandan ni kí àwọn àgbàlagbà tó kù nínú yàrá náà rà á pẹ̀lú, kí ẹnì kan má baà máa fi tirẹ̀ gba ọtí fún ẹlòmíràn. Ní Àjàṣẹ́ tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ ti ń jókòó sídìí oúnjẹ kan náà, ẹ ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn máa já sí: Àlàájà tí ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí á wá máa san owó bíà. Ẹ béèrè òfin yìí kẹ́ ẹ tó pín yàrá. Kí àwọn ọ̀mu wà pa pọ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ ṣírò rẹ̀ lójú gbogbo èèyàn

Iye tí wọ́n kọ gàdàgbà sára ìwé ìpolówó, owó orí ẹnì kan ni, tó bá jẹ́ pé ẹni méjì ló wà nínú yàrá. Ibẹ̀ ni gbogbo ìṣirò ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ dá wà nínú yàrá, ilé iṣẹ́ púpọ̀ máa ń gba owó ẹni méjì tàbí èyí tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́ rẹ̀, torí ibùsùn kejì tó ṣófo kò mówó wọlé fún wọn. Ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin nínú yàrá kan, owó tiwọn máa ń dín.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é, kì í ṣe iye ọkọ̀ kankan. Ká ní 700 euro ni wọ́n kọ, tí ẹnì kẹta àti ẹnì kẹrin ń san ìdajì, tí ẹni tó dá wà ń san ìlọ́po méjì. Owó sefa wa so mọ́ euro, euro 1 jẹ́ 655.957 fáráǹkì, kì í lọ sókè sódò, èyí sì rọrùn fún akápò. Àwa méje lè pín ara wa báyìí: yàrá mẹ́ta tí ẹni méjì méjì wà, ẹnì kan dá wà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 5,600 euro, tí a bá pín in lọ́gbọọgba, 800 euro lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìyẹn nǹkan bí 524,770 fáráǹkì. Tàbí yàrá méjì ẹlẹ́ni méjì àti ọ̀kan ẹlẹ́ni mẹ́ta: 4,550 euro, 650 lórí ẹnì kan, nǹkan bí 426,370 fáráǹkì. Tàbí bí mo ṣe ṣe é nígbà àkọ́kọ́, mẹ́ta àti mẹ́rin: 3,850 euro, 550 lórí ẹnì kan, nǹkan bí 360,780 fáráǹkì.

Ẹ wò ó, láàárín èyí tí mo yàn àti èyí tó wà láàárín, 100 euro ni, kò tó 66,000 fáráǹkì. Tí ẹ bá pín in fún òru méje, kò pé 9,400 lóru kan. Ká ní mo ti ṣe ìṣirò yẹn nígbà náà ni, Ìyá Ìbejì ì bá sùn sórí ibùsùn. Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́rin wà fún bàbá, ìyá àti ọmọ kéékèèké méjì. Àgbàlagbà mẹ́rin, pẹ̀lú àpótí ẹrù mẹ́rin, pẹ̀lú balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí èèyàn ń fi ìgúnpá kan ògiri rẹ̀! N kò lè gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn rẹ̀ láé.

Yàrá ẹlẹ́ni mẹ́ta ṣì ṣeé fara dà, àmọ́ ẹ béèrè irú ibùsùn kẹta tó wà níbẹ̀. Nínú àwọn kan, àga ìrọ̀gbọ̀kú ni wọ́n máa ń tẹ́ di ibùsùn lálẹ́. Nínú àwọn mìíràn, láti ara ògiri tàbí láti òkè àjà ni wọ́n ti ń fà á wálẹ̀, àkàbà lèèyàn sì máa fi gùn ún. Ẹ sọ fún ẹni tó ń ta ìrìn àjò fún yín ní èdè Faransé pé "trois lits bas", ìyẹn ibùsùn mẹ́ta tó wà nísàlẹ̀, lẹ fẹ́. Tí kò bá sí, ẹni tó fúyẹ́ jù tí orúnkún rẹ̀ sì le ni kó gun òkè, kí owó rẹ̀ sì dín.

Ibi owó tó dín yìí ni ọ̀rẹ́ máa ń bà jẹ́ sí. Ẹnì kẹta á sọ pé, "Ìdajì ni wọ́n kọ sí orúkọ mi, ìdajì ni mo máa san." Àwọn méjì tó kù á ní torí àwọn ló ṣe rí ìdajì. Òtítọ́ wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Bí a ṣe ń ṣe é báyìí ni pé yàrá kọ̀ọ̀kan ń gbé ẹrù tirẹ̀. Àwọn tó wà ní méjì méjì san 700 700. Nínú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́ta, 1,750 ni gbogbo owó. Àwọn méjì tó sùn sílẹ̀ san 600, ẹni tó gun òkè san 550. A kọ ọ́ sílẹ̀, gbogbo wa fọwọ́ sí i kí kọ́bọ̀ tó kúrò nínú àpò àjọ. Ẹ tún fi owó èbúté àti owó àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ sí i. Ti òṣìṣẹ́ yìí, alẹ́ kọ̀ọ̀kan àti orí kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kà á sí, ó sì lè lé ní 10 euro lálẹ́ kan. Ẹnì kẹta kì í rí ẹ̀dínwó níbẹ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀: yàrá ẹlẹ́ni mẹ́ta kì í pọ̀, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ tán. Nígbà mìíràn pàápàá, ibùsùn á wà nínú yàrá ṣùgbọ́n wọn ò ní tà á fún ẹnì kẹta, torí àyè inú ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà tó wà fún apá ibẹ̀ ti pé. Iye èèyàn tí ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà lè gbà ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo iye ìrọ̀rí. Ẹ tètè lọ.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹni tí fisa rẹ̀ kò dájú, ẹ mọ ibi tí ẹ máa fi sí

Ọkọ̀ tó bá gbéra láti Marseille, Barcelona tàbí Genoa, fisa Schengen, ìyẹn fisa kan ṣoṣo tó wà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù, lẹ máa gbà kẹ́ ẹ tó débẹ̀. Láti oṣù kẹfà ọdún 2024, 90 euro ni owó ìwé náà fún àgbàlagbà, nǹkan bí 59,000 fáráǹkì, wọn kì í dá a padà tí wọ́n bá kọ̀ fún èèyàn. Wọ́n á tún béèrè ìwé adójútòfò ìlera tó gbé ó kéré tán 30,000 euro. Tí ọkọ̀ yín bá máa ya Tunis kó tó padà sí Itálì, ẹ béèrè fisa tí èèyàn lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, torí ẹ ó ti jáde kúrò nínú Schengen, ẹ ó sì tún wọ̀ ọ́.

Kí ló kan yàrá níbẹ̀? Ó kàn án gan-an. Tí ẹ bá jẹ́ méjì nínú yàrá, tí wọ́n sì kọ fisa fún ẹnì kejì yín, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ lè ka ẹni tó kù sí ẹni tó dá wà, kí wọ́n sì gba owó ìlọ́po méjì lọ́wọ́ rẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ mẹ́ta, tí ẹnì kan yẹ̀, àwọn méjì tó kù á máa san owó ẹni méjì bí ó ti yẹ. Fún ìdí èyí, ẹni tó ń gba ìwé ìrìnnà fún ìgbà àkọ́kọ́, tí kò dé Yúróòpù rí, inú yàrá ẹlẹ́ni mẹ́ta ni mo máa ń fi sí. N kì í sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ẹ tún ka ọjọ́ tí ẹ lè fagi lé e láìpàdánù owó kẹ́ ẹ tó san àsansílẹ̀.

Orúkọ inú ìwé ìrìnnà sì ni orúkọ tí ẹ máa kọ. Ogún ọdún ni mo ti mọ ọ̀kan nínú wa, ọjọ́ tí mo fẹ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé orúkọ tí gbogbo ọjà Ouando ń pè é kọ́ ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 4: Fèrèsé tàbí àìsí fèrèsé

"Intérieure" ni wọ́n ń pe èyí tí kò ní fèrèsé. Òun ló wọ́n kéré jù, kì í sábà ju mítà onígun mẹ́rin 14 sí 16 lọ, òkùnkùn rẹ̀ sì ju ti inú àgbá lọ. Ẹni tó jẹ́ pé oorun nìkan ló ń wá síbẹ̀, ó máa gbádùn rẹ̀ dọ́ba. Àmọ́ ilẹ̀ lè mọ́ títí di aago mẹ́wàá kẹ́ ẹ má mọ̀. Àwọn tó ń kírun, ẹ fi aago fóònù dẹ ara yín, kẹ́ ẹ sì máa wò ó bóyá aago ọkọ̀ ti yí padà. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé fóònù láti mọ ìlà gàbàsì nínú yàrá, torí irin ni gbogbo ara ọkọ̀, irin sì máa ń ṣi abẹ́rẹ́ kọ́ńpáàsì lọ́nà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ní ìkànnì tẹlifíṣọ̀n kan tó ń fi ọ̀nà tí ọkọ̀ dojú kọ hàn lórí àwòrán ilẹ̀. Ìyẹn ni Àlàájà máa ń wò. Ìkànnì mìíràn máa ń fi iwájú ọkọ̀ hàn tọ̀sán tòru. Tí ẹ bá yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ó máa ń dà bí fèrèsé: tó bá ti funfun, ilẹ̀ mọ́ nìyẹn.

"Extérieure" tàbí "vue mer" ní fèrèsé, àmọ́ kò ṣeé ṣí. Èyí tí wọ́n bá kọ "vue obstruée" sí lára, ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà ló dí i lójú. Owó rẹ̀ máa ń dín, ìmọ́lẹ̀ sì ń wọlé. Ẹni tí àyà rẹ̀ máa ń há níbi tó ṣókùnkùn, ẹ fi ibẹ̀ sí i lọ́kàn, kò burú rárá.

Èyí tó ní bákónì ni gbogbo èèyàn ń fẹ́. Ìmọ̀ràn mi fún ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ ni pé kẹ́ ẹ gba ẹyọ kan ṣoṣo tó ní bákónì, kí àwọn tó kù jẹ́ "intérieure" lórí àjà kan náà tí ìyẹn bá wà. Bákónì yẹn á di pálọ̀ gbogbo yín. Ibẹ̀ lẹ máa pàdé lálẹ́ láti fi jẹ ẹ̀pà, kẹ́ ẹ sọ ọ̀rọ̀ àwọn tí kò wá. Àwọn tó ni yàrá náà ni kó san owó tó lé. Kí ó jẹ́ àwọn tí kì í bínú tí wọ́n bá kanlẹ̀kùn, kẹ́ ẹ sì fi àdéhùn sí i pé tó bá ti di aago mọ́kànlá, kálukú á gba yàrá rẹ̀ lọ.

"Suite", yàrá ńlá olówó gọbọi, náà wà. Tí ọkọ ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní òun á san án, ẹ má kọ̀ ọ́.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tí yàrá wà nínú ọkọ̀

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Aguégué rí lọ́jọ́ tí atẹ́gùn ń jà mọ èyí: ẹni tó jókòó síwájú ń fò, ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń fò, ẹni tó wà láàárín ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ ńlá rí. Àárín rẹ̀, ní àwọn àjà ìsàlẹ̀, ni ìmì ti ń kéré jù. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń gòkè, tí ẹ sì ń súnmọ́ iwájú tàbí ìdí ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Àwọn ọkọ̀ ìsinsìnyí ní apá irin méjì lábẹ́ omi, bíi lẹbẹ ẹja, tó ń dín yíyí wọn kù. Síbẹ̀, láàárín Barcelona àti Marseille, atẹ́gùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Mistral. Tó bá gbéra, ẹni tí òòyì máa ń kọ́ á mọ̀ pé òun kò sí ní ilé. Ẹ fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí àárín, kẹ́ ẹ sì kó atalẹ̀ dání.

Lẹ́yìn ìyẹn, ariwo. Wọ́n máa ń ní àwòrán àjà kọ̀ọ̀kan, "plan des ponts", lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìrìn àjò. Ẹ má wo àjà tiyín nìkan. Ẹ wo èyí tó wà lókè rẹ̀, ẹ wo èyí tó wà nísàlẹ̀. Yàrá tó dára jù ni èyí tí yàrá wà lókè rẹ̀ tí yàrá sì wà lábẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ibi odò ìwẹ̀ ló wà lórí yín, ẹ ó máa gbọ́ àga tí wọ́n ń wọ́ kiri kí ojúmọ́ tó mọ́. Tó bá jẹ́ ilé ìdáná, ó dà bíi kẹ́ ẹ sùn sẹ́yìn ọjà Ouando lọ́jọ́ ọjà. Ilé ijó nísàlẹ̀, ẹ kúkú má sùn. Iwájú pátápátá, ẹ ó gbọ́ ìdákọ̀ró. Ìdí pátápátá, ilẹ̀ á máa gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín nítorí ẹ̀rọ.

Ẹlẹ́sẹ̀ dídùn nílò lífútù nítòsí. Ẹ wo ọkọ̀ MSC World Europa, tí wọ́n kàn ní Saint-Nazaire tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 2022: gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mítà 333. Ẹni tí yàrá rẹ̀ wà lórí kan tí ilé oúnjẹ sì wà lórí kejì á rìn títí ebi á fi tún pa á. Àmọ́ kó má jẹ́ ẹnu lífútù gan-an, torí ibẹ̀ làwọn èèyàn ti máa ń dúró sọ̀rọ̀ lóru. Yàrá mẹ́rin sí mẹ́fà sí i ló dáa. (Ẹ má wá àjà 17 nínú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ MSC o. Nọ́ńbà yẹn ni àwọn ará Itálì ń sá fún, wọ́n máa ń fò ó.)

Ìgbésẹ̀ 6: Kí yàrá yín súnmọ́ra

Ọ̀rọ̀ méjì ni àwọn tó ń ta ìrìn àjò máa ń lò tí wọ́n jọra ṣùgbọ́n tí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. "Côte à côte" túmọ̀ sí pé yàrá méjèèjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Communicantes" túmọ̀ sí pé ilẹ̀kùn wà láàárín wọn nínú lọ́hùn-ún. Ilẹ̀kùn yẹn wúlò fún ẹni tó ń tọ́jú ìyá àgbàlagbà tàbí ọmọdé. Ní ti àwa ọ̀rẹ́, ìhanrun ló máa ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ẹ béèrè "côte à côte", tàbí kí wọ́n kọjú síra ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà. Ẹ yẹ nọ́ńbà wò fúnra yín. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, àwọn nọ́ńbà tó ṣeé pín sí méjì wà lápá kan, àwọn tí kò ṣeé pín wà lápá kejì. Ẹnìkejì 9120 ni 9122. 9121 lè wà ní òdìkejì ọkọ̀ pátápátá. Nígbà àkọ́kọ́, wọ́n fi dá mi lójú pé yàrá wa "tẹ̀ léra", nọ́ńbà wọn sì tẹ̀ léra lóòótọ́. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́ta ló wà láàárín wọn.

Tí ìwé yín kì í bá ṣe ẹyọ kan, ẹ ní kí wọ́n so wọ́n pọ̀, kí wọ́n lè fi yín sí tábìlì oúnjẹ kan náà lálẹ́. Ibi tí ẹ máa dúró sí tí ewu bá dé, nọ́ńbà yàrá ló ń sọ ọ́, nítorí náà ibi tí ẹ máa lọ lè yàtọ̀ síra. Ẹ má dúró de ara yín lọ́jọ́ yẹn. Ibi tí wọ́n kọ fún kálukú ni kó gbà lọ. Láti ọdún 2015 ni òfin àgbáyé ti sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fi èyí kọ́ èrò kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí gẹ́rẹ́ tó bá gbéra, lẹ́yìn tí ọkọ̀ Costa Concordia dànù ní etí òkun Itálì ní oṣù kìíní ọdún 2012 tí ẹni 32 sì kú.

Ìgbésẹ̀ 7: "Cabine garantie", ẹ rọra

Wọ́n á sọ fún yín pé owó tó dín wà, tí ẹ bá lè gbà kí ilé iṣẹ́ bá yín yan nọ́ńbà yàrá. Ohun tí wọ́n ń ṣèlérí ni irú yàrá, wọn ò ṣèlérí ibi tó wà. Ẹnì kan tàbí tọkọtaya tó lè sùn níbikíbi lè gbà á. Ẹgbẹ́ ọ̀rẹ́ tó ti jókòó ṣe ìgbésẹ̀ kìíní títí dé ìkẹfà, gbogbo làálàá yín ti dòfo nìyẹn. Ẹ sanwó nọ́ńbà.

Ìgbésẹ̀ 8: Ẹrù

Ògiri yàrá, irin ni. Ẹ ra ìkọ́ olóòfà díẹ̀, ẹ ó fi gbé gèlè àti aṣọ ẹgbẹ́ kọ́, torí kọ́bọ́ọ̀dù wọn kò mọ agbádá. Àpótí òfìfo á wọ abẹ́ ibùsùn. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù tàbí ìkòkò iná mànàmáná dání, wọ́n á gbà á lẹ́nu ọ̀nà nítorí iná. Bẹ́ẹ̀ náà ni wáyà olójú púpọ̀ tó ní ohun adènà iná. Èyí tí wọ́n fi ń gba agbára sí fóònù lójú mẹ́rin tàbí márùn-ún ni kẹ́ ẹ mú, torí ojú iná inú yàrá kì í tó. Ojú iná ẹlẹ́sẹ̀ méjì bíi ti ilé wa ní Bẹ̀nẹ̀ máa ń wà nínú àwọn ọkọ̀ tó ń rìn ní Yúróòpù.

Ẹ kó búútà oníke kan dání fún yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Gàrí Sohoui nínú ọ̀rá tí wọ́n dì pa náà kò burú, àmọ́ ẹ fi wàràǹkàṣì àti ẹran gbígbẹ sílẹ̀ nílé, òfin Yúróòpù kò gba wàrà àti ẹran láti ìta wọlé.

Ìgbésẹ̀ 9: Wákàtí àkọ́kọ́ nínú ọkọ̀

Ẹ wọ yàrá, ẹ wo ibùsùn. Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ bá ibùsùn méjèèjì tí wọ́n ti so pọ̀ di ńlá kan bíi ti tọkọtaya. Ẹ pe ẹni tó ń tọ́jú yàrá kó yà wọ́n sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, àmọ́ tó bá ti di alẹ́ kò rọrùn mọ́. Ẹni tó máa gun òkè, kó gbìyànjú àkàbà ní ọ̀sán tí ojú ṣì ríran.

Ẹ lọ sídìí tábìlì tí wọ́n ti ń dá èrò lóhùn, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ya owó kálukú sọ́tọ̀, kí káàdì ẹnì kan má baà máa sanwó fún gbogbo yàrá. Owó orí fóònù kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀, káàdì tó jẹ́ pé ilẹ̀ UEMOA (àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó jọ ń ná owó sefa) nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́ náà kò ní ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ máa ń gba euro lọ́wọ́ bí ìdógò.

Kẹ́ ẹ tó jáde, ẹ pín àárọ̀ balùwẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá dé èbúté, gbogbo èèyàn ló fẹ́ wẹ̀ ní aago méje. Ajíkùtù kọ́kọ́ wẹ̀. Ẹni tó bá pẹ́ jù kó lọ wẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìdárayá, balùwẹ̀ máa ń wà níbẹ̀, àwọn èèyàn kì í sì í rántí rẹ̀ láàárọ̀.

Ìrìn wa tó tẹ̀ lé e, Àlàájà àti aránṣọ wa ni mo fi sí yàrá kan, torí àwọn méjèèjì ń hanrun. Mo bi wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì bóyá wọ́n sùn dáadáa. Àlàájà ní òun sùn, àmọ́ pé aránṣọ ń hanrun o.